Ta ni kó bá wa gbé sátẹ́láìtì lọ sókè? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ sanwó láti Èkìtì

"Èló ni wọ́n ń gbà?" ni ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń kọ́ sátẹ́láìtì kékeré. Ẹ béèrè rẹ̀ o, ta ni owó ò ká lára? Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa já sátẹ́láìtì yín sí lókè, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ ta ni wọ́n máa tẹ̀ lé, tiyín ni àbí tiwọn. Inú ìdáhùn méjèèjì yẹn ni iye owó ti ń jáde.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn ni ẹni tí ẹrù rẹ̀ ò ju àádọ́ta kílò lọ: bóyá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní yunifásítì bíi ABUAD, EKSU tàbí FUOYE, bóyá ilé-iṣẹ́ kékeré ní Adó tó fẹ́ máa ya fọ́tò oko ìrẹsì Ìgbẹ́mọ láti òkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú NigComSat-1R, sátẹ́láìtì ńlá ti Nàìjíríà, èyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà gbé lọ ní Oṣù Kejìlá 2011, ọjà ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ kó síwájú ara wọn dáadáa, SpaceX ti Amẹ́ríkà àti Rocket Lab tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New Zealand ní 2006. Àwọn yòókù, màá kàn fọwọ́ bà wọ́n.

SpaceX: ẹ wọ mọ́tò pẹ̀lú èrò

Ẹni tó bá lọ wọ mọ́tò ní Old Garage ní Adó mọ̀ pé owó ò pọ̀, pé ibi tí dírẹ́bà ń lọ lòun náà ń lọ, àti pé ẹni tó bá pẹ́ dé, mọ́tò á fi í sílẹ̀. Bí ètò Transporter ti SpaceX ṣe rí gan-an nìyẹn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 kan ló ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 24 Oṣù Kìíní 2021, kó sátẹ́láìtì 143.

Wọn ò fi iye owó pamọ́. Ní 2023, 275,000 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún àádọ́ta kílò, 5,500 dọ́là fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Láti ìgbà náà ló ti ń gòkè, ẹ lọ wo iye tòní lórí ìkànnì wọn fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹrù yín bá jẹ́ kílò mẹ́ta péré, tí ẹ lọ bá wọn tààrà, owó àádọ́ta kílò náà lẹ máa san. Ìdí nìyí tí àwọn tí tiwọn kéré fi ń gba ọ̀dọ̀ alágbàtà, bíi Exolaunch ti Jámánì tàbí D-Orbit ti Ítálì. Àwọn yìí máa ń ra àyè púpọ̀, wọ́n á wá tà á wẹ́wẹ́. Lọ́jà tiwa, alágbàtà ló ń jẹ́ kí nǹkan wọ́n. Níbí, òun ló ń jẹ́ kó wálẹ̀.

Ibi tí Transporter ń já ẹrù sí kì í sábà yàtọ̀: nǹkan bí 500 sí 600 kìlómítà sókè, lójú ọ̀nà tó ń gba òkè àríwá àti gúúsù ayé kọjá. Sátẹ́láìtì tó bá wà níbẹ̀, tó bá kọjá lórí Ìgbẹ́mọ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, àsìkò yẹn náà ni yóò tún bá a kọjá lọ́jọ́ mìíràn. Òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú àwọn fọ́tò tí ọjọ́ wọn ò jìnnà síra, ẹ ó sì rí ibi tí ìrẹsì ti ń pọ́n tí kò yẹ kó pọ́n. (Ohun tí kò dọ́gba ni ìkùukùu. Nígbà òjò ní Èkìtì, kámẹ́rà lásán lè máa ya funfun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan ò lè bá yín yanjú ìyẹn.)

Rocket Lab: ẹ ṣátà tiyín

Electron, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rocket Lab, ò ju mítà méjìdínlógún lọ ní gíga. Ohun tó lè gbé lọ sójú ọ̀nà tó sún mọ́ ayé kò ju 300 kílò. Bó bá jẹ́ irú ọ̀nà tí Transporter ń gbà, ẹ ka 200. Ní 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù méje ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n ń dárúkọ fún gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in fúnra yín: kílò kan á lé ní 37,000 dọ́là, ìyẹn ìlọ́po bíi méje ti SpaceX.

Kí lẹ wá rà? Ẹ ra ọjọ́, ẹ ra ibùdó. Ẹ̀yin lẹ máa sọ gíga tẹ́ ẹ fẹ́ àti bí ọ̀nà náà ṣe máa dagun. Abala kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà lórí Electron, òun ló ń gbé sátẹ́láìtì dé ibi pàtó tẹ́ ẹ yàn. NASA lò ó ní Oṣù Kẹfà 2022 láti rán CAPSTONE lọ sọ́nà òṣùpá, ẹrù tí kò tó ọgbọ̀n kílò. Èmi ò rí yunifásítì tó yẹ kó ná irú owó yìí. Ilé-iṣẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ ti sanwó sílẹ̀, tí ìdádúró yóò sì ná an ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, òun ni tirẹ̀ yé mi.

Ní ti ìjàǹbá, kò sí ẹni tó mọ́ nínú wọn. Electron kùnà nígbà àkọ́kọ́ ní 2017, ó tún sọ ẹrù oníbàárà nù ní 2020, 2021 àti 2023. Falcon 9 túká lójú òfuurufú ní 2015, apá òkè rẹ̀ sì dákẹ́ iṣẹ́ ní Oṣù Keje 2024. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí Falcon 9 ti fò pọ̀ ju ti Electron lọ fíìfíì, èyí ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí i jù.

Ọ̀fẹ́ náà wà

Àwọn ará ilé wa ní FUTA, Àkúrẹ́, ti ṣe é. EduSat-1 tiwọn, tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú yunifásítì kan ní Japan, bá Falcon 9 lọ sí ibùdó àgbáyé tó wà lójú òfuurufú ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹfà 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ètò KiboCUBE, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti JAXA, àjọ òfuurufú Japan, dá sílẹ̀ ní 2015, ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti irú orílẹ̀-èdè tiwa ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Yunifásítì Nairobi ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ ní 2018. Owó kíkọ́ sátẹ́láìtì ṣì wà lọ́rùn yín o. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni ibùdó náà wà, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ á sì fà á wálẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, ó tó. Fún ẹni tó ń ta fọ́tò, kò tó.

Ní ti àwọn yòókù tó ń gbowó, rọ́kẹ́ẹ̀tì PSLV ti Íńdíà gbé sátẹ́láìtì 104 lẹ́ẹ̀kan náà ní 2017, àmọ́ ó kùnà ní Oṣù Karùn-ún 2025. Vega C ti Yúróòpù kùnà ní 2022, ó sì tó ọdún méjì kó tó padà. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ fi dúnàádúrà.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ béèrè ìgbà tí ìnṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án 2016, Falcon 9 gbiná níbi tó dúró sí nígbà tí wọ́n ń rọ epo sí i fún àyẹ̀wò, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ ìfò. Sátẹ́láìtì AMOS-6 ti Ísírẹ́lì wà lórí rẹ̀, ó sì jóná mọ́ ọn. Ìnṣọ́ránsì ìfò ò tíì bẹ̀rẹ̀ torí rọ́kẹ́ẹ̀tì ò tíì gbéra. Ìnṣọ́ránsì ẹrù ojú ọ̀nà ló bo àdánù náà.

Gbogbo wọn ló máa béèrè ẹ̀rí pé sátẹ́láìtì yín ò ní pa ti ẹlòmíràn lára. Bí tiyín bá kéré gan-an, inú àpótí irin kan ló máa wà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, sípíríìn á tì í jáde, bọ́tìnnì kékeré tí ògiri àpótí ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ á yọ, ìgbà náà ni bátìrì tó máa kọ́kọ́ tan. Kò gbọdọ̀ na eriali fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ fọhùn fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ mì í jìgìjìgì lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ mú èsì wá.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé ti 1967, ìjọba Nàìjíríà ló máa dáhùn fún ohun tí ọmọ rẹ̀ bá rán sókè, nítorí náà NASRDA, àjọ òfuurufú Nàìjíríà ní Abuja, gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti ìgbì rédíò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkọ́, torí oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ti bátìrì lithium, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò UN 38.3 lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n má baà dá ẹrù yín dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà.