Oṣù mẹ́rìnlá láàárín àwọn akéwì orí WhatsApp: ohun tí mo rí níbẹ̀

Aránṣọ ni mí, Ìkéré-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ ewì sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà. Èjìká àti ìbàdí wà lójú kan, ewì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kà á rí, àfi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan tó ṣí ìwé náà láti wo gígùn ṣòkòtò, tó wá bá ewì pàdé. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ akéwì kan lórí WhatsApp ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn náà gbọ́ ọ."

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò, bóyá kì í ṣe àwọn tó kàn ń yin ara wọn ló kún ibẹ̀. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo máa sọ ohun tó fi gba mẹ́rin náà, mo sì máa sọ ibi tí ìkan yòókù há sí.

Ṣùgbọ́n màmá mi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Alámọ̀ ni wọ́n máa ń lé. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì á mọ̀ ọ́n: ewì àwọn obìnrin wa ni, wọ́n ń lé e níbi ìnáwó, wọ́n sì fi ń ṣọ̀fọ̀. Obìnrin kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é. Bí ègbè bá tutù, ẹni tó ń lé e á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tóun sọ yẹn ò wọlé, á sì gbé e gba ibòmíràn. Ègbè ló ń tún orin ṣe. Ohun tí mi ò ní fún gbogbo ogún ọdún yẹn nìyẹn. Mò ń lé, kò sẹ́ni tó ń gbè.

Ìlú wa yìí kì í ṣe àjèjì sí ewì. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkéré tí wọ́n bí ní 1947, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewì sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune ní 1985, kí ẹni tó ń lọ sọ́jà àti ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ lè kà á. Àmọ́ nígbà yẹn, bí èdè ewì bá dùn ọ́ tàbí tó bí ọ nínú, àfi kí o jókòó kọ lẹ́tà. Lónìí, mo lè ké ewì láago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹni tó wà ní Ọ̀mùò dá mi lóhùn kó tó di mẹ́wàá.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. WhatsApp gbà kí ènìyàn 1,024 wà nínú ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó tiwa kì í jẹ́ kí a kọjá ọgọ́ta, ohun tí mo sì kọ́kọ́ fẹ́ràn nípa wọn nìyẹn. Àwọn ará Adó, Ìkọ̀lé, Ìjerò àti Ọ̀mùò wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wà, ọlọ́kadà kan wà tó ń kọ ewì nípa òjò ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ wá láti Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Òfin méjì péré ló le: ewì kan lọ́sẹ̀ kan, kí o sì ti dá ẹni méjì lóhùn kí o tó gbé tìrẹ jáde. Ìdáhùn náà sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ewì tí o ń dá lóhùn, kí ó má baà sọnù sínú ọ̀rọ̀ tó kù.

Ewì àkọ́kọ́ tí mo gbé síbẹ̀ dá lórí bùbá kan tí màmá mi fi sílẹ̀. Mo fẹ́ tú u kí n tún un rán sí ìwọ̀n ara mi. Mo ti sọ̀rọ̀ ìyálé wọn díẹ̀ nínú ìlà tó ṣáájú, mo wá kọ ìlà méjì yìí:

Mo tú ojú rírán bùbá ìyá mi,
òwú já, òórùn rẹ̀ ò já.

Bí mo ṣe kọ ọ́ síbí kọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sí i lórí fóònù, nítorí náà "owu ja, oorun re o ja" ni wọ́n rí. Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀yẹ́ kọ èsì gígùn tó dára. Ó ní orí òun wú bí màmá mi ṣe fara dà á nílé olórogún, pé owú jà títí, síbẹ̀ oorun wọn ò já. Ẹlòmíràn ní oòrùn tí kì í wọ̀ ni òun rí, pé àpẹẹrẹ ìyá ni. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń wo fóònù. Wọn ò ṣe àìdáa sí mi, wọ́n ka ohun tí mo kọ fún wọn ni. Òwú àti owú, òórùn àti oorun àti oòrùn: èmi ni mo bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ mi kí n tó rán an jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ṣe máa fi àmì sí ọ̀rọ̀. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ni mo ń lò. Ẹ wọ ibi tí ẹ ti ń yan èdè, ẹ mú Yorùbá, kí ẹ máa tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àwọn tó ní àmì á fi yọ. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ohun kan tún wà tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú: ẹ lè fi àmì sí i dáadáa kó sì dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní ìdàrúdàpọ̀. Ìdí ni pé lẹ́tà "ẹ" tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí àwọn ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n "ẹ́" ò ní. Lẹ́tà náà ni a ń gbé àmì lé lórí, ohun méjì ni wọ́n jẹ́ nínú ẹ̀rọ. Fóònù tó bá ti gbó lè yọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má rò pé ẹni tó kọ ewì náà ni ò mọ̀wé.

Ẹ sì má ṣe tẹ ewì tààrà síbi tí ẹ ti máa fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ẹ ní láti tún ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣe. Inú ìwé ni mo ti ń kọ tèmi, mo ń kà á sókè, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ sínú nóòtì fóònù, kí n tó gbé e wá.

Àmọ́ gbogbo èyí kọ́ ló mú mi dúró. Fọ́nrán ohùn ni. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjerò. Ìgbà tí àríyànjiyàn oorun àti oòrùn ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n kọ̀wé sí mi pé, "Ọmọ mi, fi ohùn rẹ ké e fún wa." Mo tẹ gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, mo fà á sókè kí ó lè dúró fúnra rẹ̀, mo gbé fóònù sórí tábìlì ìgéṣọ, mo sì ké ewì náà pẹ̀lú bùbá ọ̀hún lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tún bi mí ní òwú tàbí owú mọ́.

Èsì Bàbá dé lọ́jọ́ kejì, ohùn náà ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ní, "Níbi tí òwú ti já, a ti mọ̀ pé ìyá ti lọ. Kí ló dé tí o tún wá fi ìlà mẹ́rin sọ fún wa pé ikú dóró? Jẹ́ kí bùbá sọ tẹnu rẹ̀." Inú bí mi. Ìlà mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ràn jù, omijé ni mo fi kọ wọ́n. Mi ò dáhùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń ṣe etí aṣọ oníbàárà kan, mo ké ewì náà fún ara mi láìsí ìlà mẹ́rin ọ̀hún. Ó parí sórí "ò já". Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ègbè nìyẹn. Pé ẹnì kan gbọ́ ọ dé ibi tí ohùn rẹ ti yẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ. Fún aránṣọ, ó tún wúlò ju kíkà lọ, nítorí ọwọ́ mi ò ráyè láti òwúrọ̀ dalẹ́ ṣùgbọ́n etí mi ráyè. Ewì ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti gbọ́ lórí kólà àti etí aṣọ. Dátà tó ń jẹ sì kéré gan-an sí ti fídíò. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ní: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìlọ́po méjì eré gbọ́ ewì. Mo mọ̀ pé fóònù gbà á láyè, ó sì dára fún ẹni tó ń ṣe àlàyé gígùn nípa owó àjọ. Ìdánudúró tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì, akéwì ló gbé e síbẹ̀.

Fọ́nrán ohùn yìí náà ló gbà mí lọ́wọ́ àríyànjiyàn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò. Mo kọ ewì kan ní ohùn Ìkéré, mo kọ "ulé" dípò "ilé", mo kọ "uyán" dípò "iyán". Ẹnì kan fa ìlà sí gbogbo rẹ̀, ó ní àṣìṣe ni, pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá inú ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi àti òun. Èmi ò lè lé alámọ̀ màmá mi ní ohùn ilé ìwé. Yóò dà bí ìgbà tí mo rán agbádá fún ọmọ ọwọ́. A fà á di ọ̀gànjọ́ òru. Níkẹyìn, àwọn alábòójútó ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn ìlú rẹ̀ kọ ọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó ṣáà fi fọ́nrán ohùn tì í, kí ó sì tú ọ̀rọ̀ tó bá ṣókùnkùn. Ara Ọ̀mùò àti ara Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti ń ké ní ohùn tiwọn láti ìgbà náà, mo sì ti rí i pé Èkìtì kan náà kọ́ ni gbogbo wa ń sọ.

Ó wá ku ìkan tí mo dì mú.

Àkọ́kọ́, èmójì àtàǹpàkò àti ti àtẹ́wọ́. Ẹnì kan á gbé ewì jáde, àwọn ogún á tẹ èmójì ọkàn pupa lé e, kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ìlà tó mú òun. Òfin pé kí a dá ẹni méjì lóhùn wà, ṣùgbọ́n àwọn kan á kọ "ó dùn" lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní àwọn ti san gbèsè. Èyí burú jù fún àwọn ọmọ tuntun. Mo rí ọmọkùnrin kan tó kọ ewì nípa bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ọkàn pupa ló bá a, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó sì jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Èmi náà wà lára àwọn tó tẹ ọkàn. Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Èkejì ni olè. Ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ gbé ewì bùbá mi lọ sójú ìtàkùn mìíràn, ó yọ orúkọ mi kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i. Òfin Nàìjíríà tó dá lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ti 2022, wà lẹ́yìn òǹkọ̀wé láìjẹ́ pé ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ó sì ń dáàbò bò ó di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe kò le tó bẹ́ẹ̀: mo fi fọ́nrán ohùn mi, tó ní ọjọ́ àti wákàtí lára, ránṣẹ́ sí i. Ó yọ ewì náà. Kò tọrọ àforíjì. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń dárúkọ ara mi àti ìlú mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bí àwọn tó ń lé alámọ̀ ṣe ń júbà.

Ẹ sì tan ìfipamọ́ (backup) WhatsApp yín. Fóònù mi bọ́ sínú báàfù omi tí mo fi ń rẹ aṣọ kí n tó gé e, kò tàn mọ́. Mi ò tíì fi ohunkóhun pamọ́ sórí Google Drive. Gbogbo fọ́nrán ohùn náà bá a lọ, títí kan èsì Bàbá Ìjerò tó yí ewì mi padà. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi tún un sọ. Wọ́n ní àwọn ò rántí ohun tí àwọn sọ mọ́, kí n ké e kí àwọn tún gbọ́.

Mo ké e láìsí ìlà mẹ́rin yẹn. Ó tó bíi wákàtí kan kí wọ́n tó dáhùn. Wọn ò ṣe àlàyé kankan. Wọ́n kàn gbe ìlà ìkẹyìn ni, "òwú já, òórùn rẹ̀ ò já," lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ohùn tó ti ń gbọ̀n, bí ẹni ń gbe alámọ̀. Ìyẹn ti wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì báyìí.