Ìtọ́jú àìróorunsùn tí kò fi ti oògùn ṣe: bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó

Ẹni tí oorun ń dá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún oṣù 3 gbáko, CBT-I (ìtọ́jú tó ń yí ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn nípa oorun padà) ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà. Òun ni àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí fi ń tọ́jú oorun láìlo hóró oògùn kan. Lọ́dún 2016, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn dókítà fi ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń polówó rẹ̀ ló ń ṣe é dójú ẹ̀.

Ojúlówó kì í fi ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ oorun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ ó sì fi kọ ọ́: ìgbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, ìgbà tóorun gbé yín lọ, iye ìgbà tẹ́ ẹ jí, ìgbà tẹ́ ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń dùbúlẹ̀ lágogo 10 alẹ́, ó ń dìde lágogo 6 àárọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 5 àtààbọ̀ péré ló ń sùn nínú wákàtí 8 yẹn. Ìdá 69 nínú 100 nìyẹn. Wọn ò ní ní kó tètè sùn o. Agogo 12 àbọ̀ òru ni wọ́n á ní kó máa gorí ibùsùn, kó sì dìde lágogo 6 bó ti wù kóru náà rí. Bí oorun bá gba ìdá 85 nínú 100 àkókò tuntun yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fi kún un. Bí èèyàn bá ṣe pẹ́ lójúfò tó ni oorun ṣe ń wọ̀ ọ́ lára tó, ibùsùn tó ti di ibi ìrònú á sì padà di ibi oorun.

Bó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tóorun ò kùn yín, ẹ dìde. Ẹ má wo aago, ẹ fojú bù ú. Kí àga ti wà nílẹ̀ látìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ àtaṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ ká. Ìgbà tójú bá ń pa dé lẹ máa tó padà.

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ le. Ẹ ó máa tòògbé lọ́sàn-án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń sá. Olùtọ́jú tí kò kìlọ̀ èyí fún yín, tí kò sì béèrè bóyá ẹ ń wa mọ́tò, kò ṣe dáadáa. Kò sì yẹ kí àkókò ibùsùn wálẹ̀ ju wákàtí 5 lọ. Fún ẹni tó ní wárápá tàbí bipolar (àìsàn ọpọlọ tí ara èèyàn fi ń yá jù nígbà kan, tí á tún sorí kọ́ nígbà míì), àìsùn lè gbé àìsàn náà dìde, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yí ètò padà fún un. Ẹni tó ń hanrun, témìí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, àyẹ̀wò ìyẹn ló ṣáájú. Oògùn oorun tẹ́ ẹ ti ń lò ńkọ́? Ẹ má dá a dúró lójijì, dókítà ni yóò bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìwé ìmọ̀ràn “ẹ má mu kọfí, ẹ pa iná” nìkan kì í wo àìróorunsùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Áàpù tó kàn ń dún bí òjò náà ò lè wò ó. Èyí tó ń fi àkọsílẹ̀ yín ṣírò àkókò ibùsùn sàn jù ú lọ. Ìpàdé 6 sí 8 ló sábà ń gbà. Ohun tó wù wá jù ni pé àǹfààní rẹ̀ kì í bá ìpàdé tó kẹ́yìn lọ, ó sì máa ń dín ìsoríkọ́ kù fún ẹni tó ní in pẹ̀lú àìsùn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: “Ọ̀sẹ̀ wo lẹ máa ṣírò àkókò ibùsùn mi?” Bí ìbéèrè yẹn bá ṣàjèjì sí wọn, ẹ wá ibòmíràn.