Ẹsẹ̀ Eríàlì CB Mẹ́ta fún Ọkọ̀: Olóòfà, Ti Ẹnu Búùtù àti Oníbóòtì

Bí ohùn CB yín (rédíò tí aráàlú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀) kò bá rìn jìnnà, ẹ má tíì sáré lọ ra rédíò míì. Wáàtì 4 péré ni òfin gba irú rédíò yìí láyè láti gbé jáde lórí AM ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹsẹ̀ tí eríàlì dúró lé ló sì máa pinnu iye tó máa jáde nínú ìwọ̀nba wáàtì yẹn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà: èyí tó fi òòfà lẹ̀ mọ́ òrùlé, èyí tó fún ẹnu búùtù mọ́ra, àti èyí tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ irin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yẹ̀ wò síbí.

Ohun kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Eríàlì tí ẹ rà, ìdajì eríàlì ni. Ara ọkọ̀ yín ni ìdajì kejì. Ìgbì CB gùn tó nǹkan bíi mítà 11, ọ̀pá eríàlì tó bá sì máa pé gbọ́dọ̀ gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2.7. Ọ̀pá irin gbọọrọ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 102 kò jìnnà sí i. Tí ẹ bá ti fi sípírìngì sí ìdí rẹ̀, ó pé. Àwọn kúkúrú tó kù, wáyà tí wọ́n lọ́ yí wọn ká ni wọ́n fi ń tan rédíò jẹ pé àwọn náà gùn. Àmọ́ àti gígùn àti kúkúrú ló ń fẹ́ irin tó gbòòrò lábẹ́ ara wọn. Bí irin kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí ọ̀dà àti ìpẹtà bá dínà mọ́ ọn, agbára tó yẹ kó jáde á yí padà sínú rédíò.

Ẹ jẹ́ ká mú olóòfà, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ gbé e lé àárín òrùlé, ẹ fa okùn rẹ̀ wọlé, iṣẹ́ ti parí. Kò béèrè pé kí ẹ họ ọ̀dà, torí irin ìdí rẹ̀ àti irin òrùlé kọjú síra bíi kàpásítọ̀ (irin méjì tí agbára rédíò ń gbà kọjá láì jẹ́ pé wọ́n fara kanra), ọ̀dà sì wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ìdí fífẹ̀ fi dára ju èyí tó kéré bí ìdérí ìgò. Àárín òrùlé tún fún un ní irin lọ́tùn-ún lósì, iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí náà ohùn á lọ déédéé síbi gbogbo. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tó ń dúró sí ló dára jù, ká má tan ara wa.

Àléébù rẹ̀ ń bẹ. Kò ní lẹ̀ mọ́ òrùlé alumíníọ́ọ̀mù tàbí ti fáíbà, ẹ fi òòfà kékeré dán an wò kí ẹ tó sanwó. Iyanrìn máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá wá fà á lórí òrùlé, ó ti fín ọ̀dà bí ẹni fi sáńdípépà ra á. Gbígbé ni kí ẹ máa gbé e, ẹ fi etí kan ṣí i sókè ná. Ẹ nu abẹ́ rẹ̀ àti òrùlé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pá tó bá gùn jù lè ṣí òòfà kúrò nígbà tí ẹ̀ka igi bá gbá a lórí eré. Èyí tó ń bí wa nínú jù ni okùn rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà, wọ́n ti mọ okùn mọ́ ìdí rẹ̀ pa. Bí ilẹ̀kùn bá tẹ̀ ẹ́ já, odindi ẹsẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Ẹ gba abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn ibi tó ti rọ̀ jù kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí okùn tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ níta kó tó wọlé, kí omi òjò máa kán síta dípò kó tẹ̀ lé okùn wọnú ọkọ̀.

Ti ẹnu búùtù ló lẹ́wà jù lójú, òun náà ló sì ń dààmú èèyàn jù. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ irin méjì há etí ìdérí búùtù, síkúrù kéékèèké ló sì ń fún un láti abẹ́. Orí síkúrù yìí ló gbọ́dọ̀ ya ọ̀dà kọjá kó sì kan irin funfun. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fún un tó fi le dan-in, wọn ò sì mọ̀ pé orí ọ̀dà ló ṣì jókòó. Ẹ họ ọ̀dà abẹ́ ibẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná, ẹ fún síkúrù wọlé, ẹ wá fi gírísì bo ojú ibi tí ẹ họ kí ó má dípẹtà.

Ìyẹn nìkan kò tó o. Ìdérí búùtù fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ara ọkọ̀. Gírísì àti ọ̀dà ló kún ojú ìkọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, ìsopọ̀ á máa já, á máa mú. Ohun tí ẹ máa rí ni SWR (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí agbára tó ń padà sínú rédíò ṣe pọ̀ tó) tó jẹ́ 1.5 nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó wá di 3 nígbà tó wọ gálọ́pù. Wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n hun, tí kò gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ni kí ẹ fi so ìdérí mọ́ ara ọkọ̀, bóòtì lápá méjèèjì, ojú irin híhọ lápá méjèèjì. Tí ẹ kò bá ní ṣe èyí, ẹ má rà á.

Oníbóòtì la fẹ́ràn jù. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn, tó ní ihò, ni wọ́n máa ń dè mọ́ férémù, bọ́ńpà onírin tàbí apá dígí ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹsẹ̀ eríàlì á wá wọ inú ihò náà. Ojú òṣùwọ̀n nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 3/8-24 (íǹṣì 3/8 ní fífẹ̀, eyín 24 nínú íǹṣì kan), èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀pá CB ń lò, nítorí náà ọ̀pá tó bá kán kò ní kí ẹ tú gbogbo rẹ̀. Okùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń pààrọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni wọ́ṣà funfun oníke kan tí kò ju owó ẹyọ lọ. Ẹ wò ó dáadáa: apá kan rẹ̀ tẹ́jú, apá kejì ní ọrùn kékeré tó yọ síta. Ìdí onírin tí okùn ń wọ̀ máa ń wá láti abẹ́, ara rẹ̀ á sì kan irin pẹlẹbẹ náà. Wọ́ṣà funfun á jókòó lókè, ọrùn rẹ̀ á *wọ inú ihò*, kí bóòtì àárín má baà fara kan etí ihò. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì gígùn tó ń gba ọ̀pá á wá jókòó lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dojú wọ́ṣà yìí dé, tàbí ẹ gbàgbé rẹ̀, àárín ti kan ara ọkọ̀ nìyẹn, rédíò ò ní sọ nǹkan kan jáde. Ẹ má sì fún un jù: ó máa ń là, ẹ ò sì ní rí i láti òkè.

Ẹ yọ ọ̀pá kúrò, kí ẹ mú tẹ́sítà tó máa ń dún bí iná bá rí ọ̀nà gbà. Láti nọ́ọ̀tì òkè dé irin pẹlẹbẹ, kò gbọ́dọ̀ dún rárá. Láti irin pẹlẹbẹ dé orí nẹ́gétíìfù (−) bátìrì, ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0 ohm (òṣùwọ̀n ìdènà iná). Láti ṣóńṣó àárín orí okùn tó ń lọ sínú rédíò dé nọ́ọ̀tì òkè, ó gbọ́dọ̀ dún. Apá dígí ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń já yín kulẹ̀ ní ìdánwò kejì, torí rọ́bà ni wọ́n fi jókòó. Ẹ so wáyà láti ibẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ tún so ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ yòówù kí ẹ mú, ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí rédíò kí ẹ tó wọn SWR. Ẹ gbé ọkọ̀ jáde sí gbangba, jìnnà sí ògiri, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má dúró ti eríàlì. Mítà SWR á wà láàárín rédíò àti okùn eríàlì. Ẹ yí i sí FWD (agbára tó ń lọ), ẹ tẹ maìkì, ẹ yí kọ́ńbù títí abẹ́rẹ́ á fi dé SET, ẹ yí i sí REF (agbára tó ń padà), ẹ ka á, ẹ jọ̀wọ́ maìkì. Ẹ ṣe é lórí ìkànnì 1, 20 àti 40, kí ẹ sì tún SET ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ti 40 bá ga ju ti 1 lọ, ọ̀pá gùn jù, ẹ dín in kù. Bí ti 1 bá ga ju ti 40 lọ, ó kúrú. Ẹ má gé ju mìlímítà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan, irin tí ẹ bá gé kò ní hù padà. Ní 1.5, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 agbára ló ń padà wá. Ní 2, ó di 11. Ní 3, ó di 25, níbẹ̀ sì ni rédíò ti ń wọnú ewu. Bí ó bá ga ju 3 lọ lórí gbogbo ìkànnì, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tàbí okùn ló ní àìsàn.

Okùn RG-58 tó jẹ́ 50 ohm ni kí ẹ lò. Bí ó bá gùn jù, ẹ má ká a mọ́ra bí ẹni ká fọ̀nù ṣájà. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìyípo ńlá bíi 8. Eríàlì méjì lápá méjèèjì ọkọ̀ akẹ́rù ní okùn tirẹ̀, 75 ohm, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó mítà 2.7. Lórí ọkọ̀ kékeré, fáàrí ni.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ fáíbà látòkè délẹ̀ kò ní ibi tó máa de ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Irú eríàlì tí kò gbára lé irin ọkọ̀ wà fún un, òun àti okùn tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Bí okùn yẹn bá já, ẹ má fi RG-58 lásán pààrọ̀ rẹ̀, SWR kò ní bọ̀ sípò bó ti wù kí ẹ gé ọ̀pá tó.