Ìtàn Peckham: Máàpù Àtijọ́ Ni, Àbí Ẹnu Àgbà?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe rí kí àwa ọmọ Yorùbá tó kún Rye Lane, òpópónà ọjà ibẹ̀, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ti owó, máàpù ayé ọjọ́un tí Ordnance Survey (iléeṣẹ́ ìjọba Britain tó ń ya máàpù) yà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Scotland; dátà nìkan lo máa rà. Àgbà ò ní gbowó, àmọ́ wàá jókòó pẹ́.

Ní ti ìdánilójú, máàpù ló borí. Wàá rí ẹ̀ka Grand Surrey Canal (ipa odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi), tí wọ́n ṣí ní 1826, tó wọ Peckham tààrà, tó sì parí síbi tí ilé ìkàwé Peckham wà lónìí. Wọ́n ti dí i. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló kù. Àgbà lè ṣi ọdún tí wọ́n dí i sọ. Ṣùgbọ́n bí omi ọ̀hún ṣe ń rùn, àti bí ìyá ṣe ń lé ọmọ kúrò létí rẹ̀, máàpù wo ló máa sọ ìyẹn?

Ewu ńkọ́? Máàpù ò ní kú, àgbà ò sì ní dúró dè ọ́.

Bó bá jẹ́ ojú pópó tí bọ́ǹbù ogun 1939 sí 1945 wó lò ń wá, máàpù ni. Bó bá jẹ́ ìgbé ayé ẹ̀yìn ogun, tọ àgbà lọ kíákíá: mú fọ́tò àtijọ́ dání (ó máa ń tú wọn lẹ́nu), kó o sì gba ohùn wọn sílẹ̀.