Wáráńtì Àfikún àti Kúpọ́ọ̀nù Orí Fóònù: Ẹ Wo Ohun Tí Ẹ Ń Sanwó Fún

Wáráńtì àfikún, ìyẹn ìlérí tẹ́ ẹ máa ń sanwó fún pé wọ́n á tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́, tí wọ́n máa ń fi lọ oníbàárà nídìí káńtà, kò tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, yálà fíríìjì lẹ rà ni o, tàbí tẹlifíṣọ̀n. Kúpọ́ọ̀nù orí fóònù, ìyẹn ẹ̀dínwó tẹ́ ẹ máa ń gbà nínú áàpù ṣọ́ọ̀bù, sàn jù ú lọ, àmọ́ ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ kó tó kúrò nílé, ìyà ló máa fi jẹ ẹ́. Àdéhùn méjèèjì gùn, ìgbà tí wọ́n sì fi ń béèrè pé ṣé ẹ gbà kò tó kéèyàn ka ìlà mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń bá wáráńtì ọdún 1 wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí wọ́n bá fi ti ọdún 3 lọ̀ yín, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ọjọ́ tẹ́ ẹ ra ọjà ni, torí náà ọdún 2 péré lẹ rí gbà nínú 3 tẹ́ ẹ sanwó fún. Òfin tún wà níbòmíì tó ti gbà yín sílẹ̀: ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó ta ọjà tuntun ló máa dáhùn fún àbùkù tó bá a wá, fún ó kéré tán ọdún 2, láìgba owó kankan.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní owó wáráńtì jẹ́ 20 nínú 100 owó ọjà, kí owó àtúnṣe kan sì jẹ́ 40. Àfi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 50 nínú 100 bá bàjẹ́ láàárín ọdún tí wáráńtì fi ń ṣiṣẹ́ ni owó àwọn oníbàárà tó lè padà sọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dáadáa kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń yọjú láàárín oṣù mélòó kan, nígbà tí wáráńtì ọ̀fẹ́ ṣì wà. Ogbó ní tiẹ̀ ń dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí wáráńtì àfikún ti tán. Ìgbà tí ara ẹ̀rọ le jù lọ ni wọ́n ń gbowó lé lórí.

Ẹnu dùn-ún-ròfọ́. Ẹni tó ń tà á á ní “gbogbo ẹ̀ ló kó já”, àmọ́ ẹ lọ wo ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní tún ṣe sí: bátìrì tó ti rẹ̀, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, fílítà, ojú fóònù tó fọ́, omi tó wọnú ẹ̀rọ, iná mànàmáná tó ga jù, ẹ̀rọ ilé tẹ́ ẹ fi ṣòwò. Àwọn kan tún máa ń gba owó díẹ̀ sí i nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ wá. Bí wọ́n bá fún yín ní òmíràn dípò èyí tó bàjẹ́, àdéhùn sábà máa ń parí síbẹ̀, bó tilẹ̀ ku ọdún kan. Ṣọ́ọ̀bù náà kọ́ ló sì sábà máa ń dáhùn. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Rìsíìtì tí kò ṣeé kà mọ́ ló ń da ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn nù. Ooru ni wọ́n fi ń tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe tàdáwà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣá tó bá wà nínú mọ́tò tàbí lójú oòrùn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bó bá bàjẹ́, ẹ gba fídíò àṣìṣe náà sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí wọn ò fọwọ́ sí tú u. Ẹni tó ti ra wáráńtì àfikún tó sì kábàámọ̀, kó yára wo ọjọ́ ìfagilé. Ní Bríténì, òfin ọdún 2005 fún ẹni tó ra wáráńtì àfikún tó ju ọdún 1 lọ fún ẹ̀rọ inú ilé ní ọjọ́ 45 láti gba gbogbo owó rẹ̀ padà, tí kò bá tíì lò ó.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ ń gbé kiri lójoojúmọ́ nìkan la lè gbà pé kẹ́ ẹ rà á fún, tó bá jẹ́ pé àdéhùn náà kó ìjábọ́ àti omi mọ́ra.

Ní ti kúpọ́ọ̀nù, owó tí wọ́n kọ gàdàgbà sára pẹpẹ kì í ṣe owó tí gbogbo èèyàn máa san. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí áàpù ṣọ́ọ̀bù náà, kẹ́ ẹ wọnú àkáǹtì yín, kẹ́ ẹ tẹ kúpọ́ọ̀nù náà kó wọlé, kẹ́ ẹ tó dé ìdí káńtà. Ẹ ṣe é nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má dé inú ilé ńlá onírin. Fọ́tò ojú fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́. Inú àkáǹtì ni kúpọ́ọ̀nù wà. Ẹ wo ìwọ̀n: kúpọ́ọ̀nù gíráàmù 500 kò ní gba 400, bí ike wọn tilẹ̀ jọra. Bó bá jẹ́ èyí tó ní iye tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀dínwó mìíràn ni ṣọ́ọ̀bù kan máa ń kà á. Tẹ́ ẹ bá dá ọjà padà, iye tẹ́ ẹ san gan-an lẹ máa gbà, kúpọ́ọ̀nù náà kò sì sábà ń padà wá.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé ìyá àgbà tí kò ní fóònù tó ń lo áàpù ń san owó tó pọ̀ ju tàwa tó kù lọ lórí ọjà kan náà. Kò dáa rárá. Ẹ bá a béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń yọ owó náà bẹ́ ẹ bá sọ kí wọ́n tó ro owó pọ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní káńtà, ẹ wo abẹ́ orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan lórí rìsíìtì: tí àmì ìyọkúrò kò bá sí níbẹ̀, kúpọ́ọ̀nù kò wọlé.