GeoMapApp: ohun tó wù mí nínú ẹ̀ àti ibi tó kù sí

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì fojú kan òkun rí. Bí ẹ bá fẹ́ fi òkè oníná tó wà nísàlẹ̀ òkun han irú wọn, ẹ gba GeoMapApp, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi máàpù ìsàlẹ̀ òkun hàn, sórí kọ̀ǹpútà yín. Àwọn onímọ̀ Lamont-Doherty, ti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni.

Òkè Axial, òkè oníná abẹ́ òkun kan, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Inú Òkun Pàsífíìkì ló wà, ó fi nǹkan bíi 480 kìlómítà jìnnà sí etíkun Oregon ní Amẹ́ríkà. Òkúta yíyọ́ tú jáde nínú rẹ̀ ní 1998, 2011 àti 2015. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, máàpù á kọ́kọ́ rí bàìbàì, kó tó wá mọ́ kedere, kòtò ńlá orí òkè náà á sì yọ: ó gùn tó kìlómítà 8, ó fẹ̀ tó 3. Ẹ fa ìlà gba àárín kòtò yẹn kọjá. Lójú ẹsẹ̀ ni àwòrán bí ilẹ̀ ṣe ga àti bó ṣe jìn á jáde, ẹ ó sì rí bí ògiri kòtò ṣe já wálẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí òkúta yíyọ́ abẹ́lẹ̀ bá ti ṣàn lọ, ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ á jìn sínú ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú pátákó, kì í yé wọn tó báyìí.

Bọ́tìnì Mask ló wù mí jù, ká má parọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti fi ìró wọn jíjìn òkun á dúró kedere, ibi yòókù á ṣókùnkùn. Iṣẹ́ sátẹ́láìtì ni wọ́n fi fojú bu ibi tó ṣókùnkùn yẹn: òkè abẹ́ omi ń fa omi mọ́ra, ojú òkun á wú díẹ̀ lórí rẹ̀, wíwú yẹn ni sátẹ́láìtì ń rí. Òkè ńlá nìkan ló lè hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ máàpù aláràbarà kì í sọ èyí fúnni rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìsàlẹ̀ òkun ayé ni wọ́n tíì fi ìró wọ̀n.

Ẹ má retí àtirí èéfín dúdú o, ìyẹn omi gbígbóná tó ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni pé èéfín ni. Òkìtì TAG nínú Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí omi tó ń tú jáde ti gbóná tó 360°C, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 200 mítà lọ. Lójú máàpù, kókó kékeré kan ni.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dà mí láàmú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ ibì kan ló ń fa dátà tuntun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa níbí kì í sì gbé e lọ́sàn-án. Ilé ni kí ẹ ti ṣí gbogbo ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ fi àwòrán wọn pamọ́ kí ẹ tó wọ kíláàsì.