Òùngbẹ oko láti ojú ọ̀run: ìfiwéra àwòrán sátẹ́láìtì fún ẹni tí ó fẹ́ rà á

Ẹni tí ó bá ń gbin àgbàdo ní Òkè-Ògùn mọ bí ewé rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà tí òjò bá dá lójijì nínú oṣù Kẹsàn-án. Ní òwúrọ̀, ewé náà tẹ́ rẹrẹ. Tí ó bá fi máa di ọ̀sán gangan, ó ti ká bí ẹní. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ó tún ti là padà. Òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ṣì dúdú minimini. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra àwòrán sátẹ́láìtì fún oko, ìbáà jẹ́ olóko ńlá tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, pé kí ó má ṣe kọ́kọ́ béèrè bí àwòrán náà ṣe hàn kedere tó, bí kò ṣe bóyá ó lè rí òùngbẹ kí ewé tó pọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ilẹ̀ àti ewé dá padà sókè ni sátẹ́láìtì ń wọ̀n. Ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa mu láti fi ṣe oúnjẹ, ó sì máa ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán near infrared, tí ojú wa kò lè rí, padà. Láti ara méjèèjì ni a ti ń ṣírò NDVI, òǹkà tí ń fi bí ewé ṣe pọ̀ tó àti bí ara rẹ̀ ṣe dá tó hàn: a ó yọ pupa kúrò nínú near infrared, a ó sì fi àpapọ̀ wọn pín ohun tí ó kù. Ṣùgbọ́n ìtànṣán mìíràn wà, SWIR (shortwave infrared), tí ojú kò lè rí òun náà, tí omi inú ewé fúnra rẹ̀ máa ń gbé mì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí omi bá ṣe ń dínkù ni èyí tí ó ń padà sókè ń pọ̀ sí i. Tí a bá fi SWIR rọ́pò pupa nínú ìṣirò kan náà, NDMI, òǹkà tí ń fi omi inú ewé hàn, ni a ó rí. Ká ní oko kan dá 0.45 near infrared (ìyẹn ìdá 45 nínú 100) padà, 0.05 pupa àti 0.20 SWIR: NDVI rẹ̀ jẹ́ 0.80, NDMI rẹ̀ sì jẹ́ 0.38. Ká ní òjò kò rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n wá di 0.42, 0.06 àti 0.30: NDVI á wá sí 0.75, èyí tí ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí lórí máàpù, ṣùgbọ́n NDMI á já wá sí 0.17. Ọ̀nà kẹta ni ooru, nítorí pé ewé tí omi kò tó máa ń pa àwọn ihò wínníwínní ara rẹ̀ dé, ara rẹ̀ á sì gbóná ju ti ewé tí ó ń rí omi mu.

Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́, ìfiwéra rọrùn. Sentinel-2 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní 2015, ń fi ojú mẹ́tàlá wo ilẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan fún irú ìtànṣán kan; píksẹ́lì rẹ̀, ìyẹn ègé ilẹ̀ tó kéré jù tí àwòrán lè fi hàn, jẹ́ mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún pupa àti near infrared, mítà 20 fún SWIR; ó ń padà dé ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kò sì ní ojú ooru. Landsat 8 àti 9 ti Amẹ́ríkà ní SWIR ní mítà 30, wọ́n sì ní ojú ooru ní mítà 100. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń dé. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. PlanetScope, tí ilé-iṣẹ́ Planet ń tà, ní píksẹ́lì mítà 3, ó sì ń kọjá ní nǹkan bí ojoojúmọ́. Àwòrán rẹ̀ dára lójú púpọ̀, àmọ́ kò ní SWIR, kò sì ní ooru. Nítorí náà, ẹni tí ó bá torí òùngbẹ nìkan sanwó fún un ti ra ojú tí ó mú ṣùgbọ́n tí kì í rí omi.

Ìwọ̀n oko wà lára ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò. Éékà kan tó nǹkan bí mítà 4,047 onígun mẹ́rin: Sentinel-2 á pín in sí nǹkan bí píksẹ́lì 40, SWIR rẹ̀ sí 10, Landsat sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, PlanetScope sí 450. Píksẹ́lì ooru Landsat kan ṣoṣo tó hẹ́kítà kan, ìyẹn éékà méjì àbọ̀. Àwọn píksẹ́lì tí ó bọ́ sí ààlà sì máa ń da oko aládùúgbò pọ̀ mọ́ tiwa, nítorí náà olóko éékà kan tí ó gbin àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ kò lè gbọ́kàn lé SWIR ọ̀fẹ́ púpọ̀. Irú rẹ̀ lè jàǹfààní PlanetScope láti mọ ibi tí irúgbìn kò ti hù. Olóko éékà ogún sókè kò nílò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àwòrán olówó gọbọi bíi WorldView-3 àti Pléiades Neo, tí píksẹ́lì wọn kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, dára láti ra lẹ́ẹ̀kan láti fi ya ààlà. Òùngbẹ tí ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Wákàtí tún ṣe pàtàkì, òǹtajà kì í sì í sábà sọ ọ́. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni Sentinel-2 àti Landsat ń kọjá lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ewé àgbàdo kò tíì ká. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè tó. Bí iye ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni kí a máa wò. ECOSTRESS, ẹ̀rọ tí ó wà lára ibùdó òfuurufú ISS láti 2018, ń wọn ooru ní nǹkan bí mítà 70 ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀sán pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ọjọ́ tí ó ń dé kò dọ́gba.

Ní àkókò òjò, ìlérí ọjọ́ márùn-ún kì í ṣẹ, nítorí ìkùukùu lè bo Oǹdó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Níhìn-ín ni PlanetScope ti ní àǹfààní òtítọ́: ẹni tí ó ń yọjú lójoojúmọ́ ni ó ṣeé ṣe jù kí ó bá àlàfo pàdé. Sentinel-1, tí ó ń lo rédà dípò ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ń la ìkùukùu kọjá, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó ń ka ọ̀rinrin ilẹ̀ àti ìdúró irúgbìn pọ̀, nítorí náà ó gba ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ìṣòro. Irú àwòrán tí wọ́n ń pè ní surface reflectance, tí wọ́n ti yọ èérí òfuurufú kúrò nínú rẹ̀, ni kí olùrà béèrè. Olóko kòkó ní láti rántí pé orí igi tí ó ń ṣíji bo kòkó ni sátẹ́láìtì kọ́kọ́ ń rí.

Púpọ̀ nínú àwọn máàpù oko tí áàpù ń tà jẹ́ Sentinel-2 ọ̀fẹ́ tí wọ́n kun lọ́dà. Kò burú bí iṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, àmọ́ kí olùrà béèrè orúkọ sátẹ́láìtì náà, kí ó sì béèrè bóyá NDVI nìkan ni wọ́n ń fún un. Lórí Copernicus Browser, ojú òpó ayélujára tí ń fi àwòrán Sentinel hàn, ó lè wo Moisture Index (ìyẹn NDMI) oko rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní tèmi, owó tí à bá fi ra píksẹ́lì tí ó kéré sí i sàn kí a fi gba ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, irú àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní AFRIGIST, ilé-ẹ̀kọ́ nípa àwòrán ilẹ̀ àti máàpù ní Ilé-Ifẹ̀.

Kí olùrà tó san owó ọdún kan, kí ó ní kí òǹtajà ṣe máàpù oko rẹ̀ fún ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò ń parí lọ ní ọdún tó kọjá, kí ó sì gbé e lọ sí oko pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí ó mọ apá ibi tí omi máa ń kọ́kọ́ tán. Bí máàpù náà kò bá rí apá ibẹ̀, kí ó má rà á.